Kannakánná Ọjọ́ Kẹwàá

Ìyá ọkọ mi kò kọjá ìwé kẹta. Síbẹ̀, eré tí gbogbo ará Sangli, ìlú wa ní Íńdíà, ń pè ní eré Sharayu, bí ẹni pé èmi nìkan ni mo kọ ọ́, àwọn ni wọ́n kọ èyí tó dára jù nínú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n wà láyé, wọn ò gbà fún mi. Nísinsìnyí tí wọ́n ti lọ, mo rò pé wọ́n máa dárí jì mí bí mo bá sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọdún 1984 ni. Mò ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nílé ẹ̀kọ́ kan lẹ́bàá ọjà ata ilẹ̀ pupa. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Dhavale, tó ní ilé ẹ̀kọ́ táípù lẹ́yìn ibùdókọ̀. Òun ni olórí ẹgbẹ́ eré wa. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bá ti lọ tán nírọ̀lẹ́, a ó ti àwọn ẹ̀rọ táípù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, a ó sì máa fi eré dánra wò láàárín yàrá. Lọ́dọọdún là ń lọ sí ìdíje eré orí ìtàgé, lọ́dọọdún náà là ń bọ̀ pẹ̀lú àtẹ́wọ́ lásán.

Lọ́jọ́ kan, Dhavale wá sílé wa, ó gbé ìwé pẹlẹbẹ kan tí èèpo rẹ̀ ti ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì mi.

Ó ní, “Sharayu, eré àwọn ará Amẹ́ríkà ni. Eré àtijọ́ ni o. Mo kà á ní ìjókòó kan, mo sunkún bí ọmọdé. Bá mi sọ ọ́ di tiwa.”

“Ọ̀gá, kí ni kí n sọ di tiwa nínú ẹ̀?”

“Gbogbo ẹ̀. Ẹkún inú ẹ̀ nìkan ni kó o má fọwọ́ kàn.”

Ìtàn bàbá arúgbó kan ni, tó ní àká ọkà ńlá lórí pápá tí kò lópin. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí. Ọmọ yìí fẹ́ ọmọbìnrin àwọn àlejò kan tí ìsìn wọn yàtọ̀ sí ti bàbá. Bàbá lóun ò gbà. Wọ́n pariwo léra wọn lórí nídìí oúnjẹ, ọmọ gbé àpótí, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ. Ọdún gorí ọdún. Nígbà tó yá, lẹ́tà dé pé ọmọ náà ń bọ̀ wá kí wọn pẹ̀lú ìyàwó. Bàbá ò mọ bó ṣe máa wojú ọmọ tó lé lọ. Ó mú ìbọn, ó wọ inú àká lọ kí ọmọ tó dé. Ọmọ wọlé, ó bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó fi bo òkú, aṣọ ìtàgé wálẹ̀. Ó parí.

Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe é. Mo pe bàbá ní Dajiba, mo pe ọmọ ní Raghunath. Ọkà di ata ilẹ̀ pupa, búrẹ́dì di bhakri, àkàrà pẹlẹbẹ tí a fi ọkà bàbà ṣe. Inú mi dùn sí ara mi. Mo gbé e lọ sí yàrá táípù, mo kà á fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo parí, ẹnì kan húkọ́. Kò sẹ́ni tó sunkún.

Bapu Sutar ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Káfíńtà ni, òun la sì fẹ́ kó ṣe Dajiba.

Ó ní, “Àǹtí Sharayu, ẹ má bínú o. Dajiba yìí, ṣé ó máa ń bọ́ bàtà kó tó wọlé?”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ó tún ní, “Mi ò ṣàwàdà o. Mo kàn ń rí i pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ nínú ilé ìdáná ni. Ọmọ ẹ̀ ń jágbe mọ́ ọn lójú, òun náà ń jágbe mọ́ ọmọ, ìyá jókòó, ó ń wò wọ́n bíi ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbí?”

Dhavale náà fi tiẹ̀ sí i. “Ìbọn ńkọ́? Ta ló ní ìbọn ní Sangli? Bí wọ́n bá rí ìbọn lórí ìtàgé, wọ́n á rò pé ọlọ́pàá ló dé.”

Mo fi ìbínú ká ìwé mi, mo lọ sílé. Mo ní kí wọ́n wá ẹlòmíì.

Ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ìyá ọkọ mi jókòó sílẹ̀ nílé ìdáná pẹ̀lú agbọ̀n pẹrẹsẹ lórí itan, wọ́n ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Bhagirathi lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n Màámi ni mò ń pè wọ́n. Èmi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo tún ń ka ibi ìjà náà sókè, mò ń wá ibi tí àṣìṣe wà.

Màámi ní, “Ta ló ń pariwo yẹn?”

“Bàbá ni, Màámi. Ó ń bá ọmọ ẹ̀ jà.”

“Kò fẹ́ràn ọmọ ọ̀hún ni?”

“Ó fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni.”

“Irọ́ ni. Ká ní ó fẹ́ràn ẹ̀ ni, kò ní pariwo.” Wọn ò gbójú sókè. Ìka wọn ń rìn láàárín ìrẹsì. “Àlejò tó bá ṣẹ̀ ẹ́ lo máa ń pariwo mọ́. Ọmọ rẹ, wàá kàn dákẹ́ ni. Ó máa jókòó síwájú rẹ báyìí, wàá kọjú sí ìyàwó rẹ, wàá ní, ‘Sọ fún ọmọ rẹ pé oúnjẹ ti délẹ̀.’ Ìyàwó á yíjú, á ní, ‘Bàbá rẹ ní oúnjẹ ti délẹ̀.’ Ọmọ á ní, ‘Ẹ sọ fún wọn pé ebi ò pa mí.’ Ìyàwó á tún yíjú padà, ‘Ó ní ebi ò pa òun.’ Bàbá á ní, ‘Sọ fún un pé mo gbọ́.’”

Ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ń ṣe, ti bàbá, ti ọmọ àti ti ìyá tó wà láàárín. Mo rẹ́rìn-ín. Mo wo ojú wọn, mo rí i pé wọn ò rẹ́rìn-ín.

Màámi ní, “Odindi ọdún kan. Èmi ni mò ń gbé ọ̀rọ̀ wọn kiri nínú yàrá kan náà. Ọrùn ń ro mí.”

Nígbà náà ló yé mi. Ọkọ mi, Madhukar, ní ẹ̀gbọ́n kan, Vasant, tí a kì í dárúkọ rẹ̀ nínú ilé. Ó fẹ́ nọ́ọ̀sì kan, Rúùtù, ọmọ ìjọ Kristẹni ní Miraj. Lẹ́yìn odindi ọdún kan bẹ́ẹ̀, bàbá wọn ní kó má tún tẹ ilé náà mọ́. Nígbà tí bàbá kú lọ́dún mẹ́rin lẹ́yìn náà, àwọn arákùnrin bàbá ò jẹ́ kí Vasant sún mọ́ òkú. Madhukar tó jẹ́ àbúrò ló tanná sí igi tí wọ́n fi sun bàbá rẹ̀, iṣẹ́ tó jẹ́ ti àkọ́bí ọmọkùnrin. Gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó fi mí fún un. Miraj ò ju ìrìn ọkọ̀ díẹ̀ lọ sílé wa, ọdún mẹ́sàn-án sì ti kọjá lórí òkú náà.

Mo fa gègé yọ, mo kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́, Màámi á ní, “Ibo la bá a dé?” Wọ́n á fa agbọ̀n ìrẹsì tàbí ẹ̀wà mọ́ra, èmi á sì máa kà. Wọn ò jẹ́ kí nǹkan kan kọjá. Nígbà tí wọ́n gbọ́ tí ìyàwó Dajiba pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ, wọ́n gbé ọwọ́ lé àyà.

“Orúkọ! Lójú ọmọ!”

“Màámi, bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́hùn-ún nìyẹn.”

“Jẹ́ kí wọ́n máa ṣe é lọ́hùn-ún. Ìwọ náà, má lọ kọ́ ọ wálé o.”

Níbi tí ọmọ ti gbé àpótí, Màámi ní ìyá ò lè máa wò ó lásán. Ó máa di oúnjẹ ọ̀nà fún un. Bí bàbá bá ní kó má fún un ní nǹkan kan, ó máa dì í sínú aṣọ, á gbé e sẹ́nu ọ̀nà, á sì kọ ẹ̀yìn sí i, kí ọmọ lè mú un láìjẹ́ pé òun fún un. Mo kọ ọ́. Mi ò béèrè ibi tí wọ́n ti rí i.

Ti ìbọn, ọkọ mi ló yanjú ẹ̀. Ọjà ata ilẹ̀ pupa ló ti ń ṣiṣẹ́, abúlé Haripur ló sì máa ń lọ, níbi tí wọ́n gbẹ́ àwọn kòtò jíjìn tí wọ́n ń kó ata ilẹ̀ pamọ́ sí lábẹ́ ilẹ̀.

Ó ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tó sọ ọ́. “Kí lẹ fẹ́ fi ìbọn ṣe? Ẹ jẹ́ kó wọ kòtò.”

“Kòtò ṣe máa pa á?”

“Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ṣí kòtò tó ti pẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ fi okùn sọ àtùpà sísàlẹ̀. Bí àtùpà bá kú, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ọmọ ọdún méje ní Haripur mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fi ogójì ọdún ṣe iṣẹ́ yẹn, tó wá wọlé láìsọ àtùpà, kò sẹ́ni tó máa bi í bóyá ó gbàgbé.” Ó tún bu ọbẹ̀ sí i. “Ata yìí dùn.”

Mo ka gbogbo ẹ̀ fún Màámi títí dé ibi tí Raghunath ti fi ẹ̀wù bo bàbá rẹ̀. Mo pa ìwé dé.

Wọ́n ní, “Ó tán?”

“Ó tán, Màámi.”

“Báwo ló ṣe máa tán? Òkú wà nílẹ̀, ẹ ní ó tán. Ta ló sun ún? Ọjọ́ kẹwàá ńkọ́? Kannakánná jẹ ìrẹsì ẹ̀ àbí kò jẹ ẹ́?”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kò sẹ́ni tó máa wo eré náà ní Sangli tí kò ní béèrè. Lọ́jọ́ kẹwàá la máa ń gbé ìrẹsì òkú sétí odò Krishna. Bí kannakánná bá sáré bà lé e, ọkàn olóògbé ti balẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá bà lé e, ohun kan wà tó ṣì ń fẹ́, àwọn ẹbí á sì máa ṣèlérí lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n á fi kan ohun náà.

Màámi gbé agbọ̀n sílẹ̀.

“Kannakánná ò jẹ ti bàbá yín.”

Mo ní, “Àwọn ará ilé sọ fún mi pé ó jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀.”

“Ohun tí a sọ fáyé nìyẹn. Àwọn kannakánná kún orí ògiri, wọ́n ń wo ìrẹsì, wọn ò sọ̀ kalẹ̀. Àwọn àbúrò bàbá yín ṣèlérí pé àwọn á tọ́jú mi. Wọn ò sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní àwọn á fẹ́ ìyàwó fún Madhukar. Rárá. Wọ́n ní àwọn á parí ẹjọ́ ilẹ̀. Oòrùn ti ga. Wọ́n wá rán ẹnì kan wá bá mi nílé, pé kí ni ẹ̀gbọ́n àwọn ń fẹ́. Mo ní mi ò mọ̀.”

Wọ́n gbọn eruku ìrẹsì kúrò lórí itan wọn.

“Mo mọ̀ ọ́n, Sharayu. Lọ́sẹ̀ tó kú yẹn, ó bi mí ní nǹkan kan. Ó ní, ‘Ikọ́ tó máa ń ṣe Vasant nígbà òtútù, ṣé ó ti lọ?’ Ọdún mẹ́rin ni kò dárúkọ ẹ̀. Ikọ́ ló fi dárúkọ ẹ̀. Mo mọ̀ pé ọmọ ló ń fẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, àwọn àbúrò ẹ̀ á ní èmi ni mo fẹ́ mú ọmọ Kristẹni wọlé. Ẹ̀rù bà mí. Àlùfáà bá fi koríko hun kannakánná, wọ́n fi koríko yẹn kan ìrẹsì, kálukú lọ wẹ̀.”

Mo sún mọ́ wọn. Mo mú agbọ̀n, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìrẹsì.

Nígbà tí mo ṣa á dé ìdajì, wọ́n ní, “Kọ ọ́.”

“Màámi, mi ò lè kọ ìyẹn.”

“Kọ ọ́. Má ṣáà sọ pé èmi ni. Àti pé, nínú tìrẹ, jẹ́ kí obìnrin yẹn sọ̀rọ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ìparí eré náà, kò sì gbà ju ọ̀sán méjì lọ. Ẹbí dúró sétí odò. Wọ́n ń ṣèlérí, kannakánná ò wá. Àlùfáà fa koríko yọ kó fi hun ti irọ́. Ìyàwó Dajiba, tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíì kiri, di ọwọ́ àlùfáà mú. Ó ní, “Ẹ má hun ún. Mo mọ ohun tí ọkọ mi ń fẹ́.” Ó yíjú sí Raghunath àti ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n dúró lókèèrè, ó ní, “Ẹ wá.”

Inú Dhavale ò dùn sí i. Ó wá sílé, ó jókòó sórí àga, ó ń fi ọwọ́ nu irùngbọ̀n.

“Sharayu, ó dára. Ó dára jù. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wòran á fi ẹkún lọ sílé. Ká ní wọ́n tètè fa Dajiba jáde nínú kòtò ńkọ́? Kó ṣì máa mí. Kó di mọ́ ọmọ ẹ̀. Orin kan báyìí, ó tán.”

Ohùn Màámi wá láti ilé ìdáná. “Dhavale, ìwọ lo ní kí òkú jí?”

Ó dìde dúró. “Màmá, ẹ káàsán, mà. Mo kàn ń ronú nípa àwọn òǹwòran ni.”

“Èmi náà òǹwòran ni. Ẹni tó bá jí, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ ìjà lọ́la. Ẹni tó kú ló kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ṣé o máa mu tíì?”

“Màá mu ún, mà.”

“Àtalẹ̀ wà nínú ẹ̀. Mu ún, kó o sì fi òkú sílẹ̀ kó kú.”

Kò tún dárúkọ orin mọ́.

Ní oṣù kìíní, agogo mẹ́ta ọ̀sán, a ṣe eré náà ní gbọ̀ngàn ìdíje. Màámi wọ aṣọ sárì aláwọ̀ eérú wọn tí wọ́n fi ń lọ sí tẹ́ńpìlì, wọ́n jókòó ní ìlà kejì pẹ̀lú Ketaki ọmọ mi. Ohun kan wà tí wọn ò mọ̀. Madhukar ti máa ń rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Miraj, wọ́n á mu tíì, wọ́n á pínyà. Ó ti fún un ní ìwé ìwọlé méjì. Láti ẹ̀yìn aṣọ ìtàgé ni mo ti ń yọjú. Mo rí ọkùnrin kan tó fi iwájú orí jọ ọkọ mi ní ìlà tó kẹ́yìn, obìnrin kúkúrú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rò pé mo ti ta àṣírí ẹni tó fọkàn tán mi.

Nígbà tí ìyàwó Dajiba bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú sọ́tùn-ún sósì, “Ó ní oúnjẹ ti délẹ̀,” “Ó ní ebi ò pa òun,” gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹni tó mọ ilé ara rẹ̀ ni. Ní ìgbà kẹta, ẹ̀rín náà dínkù. Ní ìgbà karùn-ún, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Lẹ́yìn náà Bapu ṣí ẹnu kòtò. Ó mú àtùpà, ó wò ó, ó gbé e sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì gbé ẹsẹ̀ kan sínú kòtò. Bàbá àgbà kan láàárín èrò, ará Haripur ni mo rò pé ó jẹ́, dìde, ó pariwo pé, “Ọ̀rẹ́, kọ́kọ́ sọ àtùpà náà sísàlẹ̀!” Àwọn ọmọ rẹ̀ fà á jókòó. Bapu sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó kù díẹ̀ kí òun padà.

Nígbà tí eré dé etí odò, mi ò wo ìtàgé mọ́. Màámi ni mò ń wò. Wọ́n jókòó ṣánṣán, ọwọ́ wọn lórí orúnkún. Nígbà tí ìyàwó Dajiba ní, “Mo mọ ohun tí ọkọ mi ń fẹ́,” mo rí i pé ètè wọn ń bá a sọ ọ́. Iná kú. A gbọ́ ìró ìyẹ́ nínú òkùnkùn, ó parí. Nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, wọn ò fẹ́ dáwọ́ dúró.

Mo wà lẹ́yìn ìtàgé, mò ń bá àwọn òṣèré ká aṣọ, nígbà tí ọkùnrin ìlà ẹ̀yìn wọlé. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e. Kò kí mi.

Ó ní, “Ìwọ ni Sharayu?”

Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. “Bùrọ̀dá, ẹ káàbọ̀.”

“Ta ló sọ fún ẹ? Ti koríko yẹn. Mo bi Madhukar lẹ́nu ọ̀nà nísinsìnyí, ó ní òótọ́ ni wọ́n fi koríko ṣe é. Ṣùgbọ́n ti ìyá tó mọ̀, tí kò sọ. Ta ló sọ ìyẹn fún ẹ?”

Mo tẹjú mọ́ aṣọ tí mò ń ká. Mo ti ṣèlérí.

“Èmi ni.”

Màámi ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wa. Ketaki dì wọ́n lọ́wọ́ mú. Vasant yíjú. Mi ò rò pé ó mọ̀ pé irun wọn ti funfun tó bẹ́ẹ̀.

Ó ní, “Màámi, wọ́n sọ fún mi pé kannakánná jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ rìn wá dé Miraj kó lè sọ ọ́ fún mi. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi rò pé bàbá mi kú láìrántí mi.”

“Ó rántí rẹ.”

“Kí ló sọ?”

“Ó béèrè nípa ikọ́ rẹ.”

“Ikọ́ mi?”

“Ó ní ṣé ó ti lọ.”

Vasant bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà yí padà sí ohun mìíràn lẹ́nu rẹ̀, ó jókòó lórí àpótí aṣọ, ó fi ọwọ́ bo ojú. “Ó ti lọ, Màámi. Ó ti lọ tipẹ́. Rúùtù ló wò ó sàn.”

Màámi wo obìnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ìtàgé, tó ń fi ìka ká etí sárì rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa wojú ara wọn nìyẹn.

Wọ́n ní, “Ìwọ lo wò ó?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“O ṣé.”

Rúùtù tẹrí ba. Lẹ́yìn náà Màámi ní, “O ti jẹun?” Rúùtù ní rárá, nítorí pé láti ilé ìwòsàn ló ti wá tààrà. Màámi yíjú sí mi, wọ́n ní, “Sharayu, sọ fún ìyáálé rẹ pé…” Wọ́n mi orí, wọ́n kọjú padà sí Rúùtù fúnra wọn. “Wá jẹun nílé wa.”

Mi ò ní purọ́ pé gbogbo nǹkan dùn láti ọjọ́ náà. Nínú àwọn àbúrò bàbá, èyí tó dàgbà jù kò tún wọ ilé wa mọ́ títí tó fi kú. Àwọn aládùúgbò kan dẹ́kun mímu omi lọ́wọ́ wa, nítorí pé à ń bá Kristẹni jẹun. Vasant àti Màámi sì máa ń dákẹ́ síra wọn nígbà mìíràn, bóyá nítorí pé inú ẹ̀jẹ̀ wọn ló wà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dákẹ́, Rúùtù á pàtẹ́wọ́, á ní, “Èmi ò gbé ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni o, ọrùn mi ò lágbára,” ilé á sì tú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹsẹ̀ Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ilé Rúùtù ní Miraj ni wọ́n lọ gbé, nítorí wọ́n ní òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́ láìjẹ́ kó dunni.

A gba ipò kejì nínú ìdíje. Bapu gba ẹ̀bùn òṣèré tó dára jù. Ó lé ní ọgọ́ta ìgbà tí a ṣe eré náà ní àwọn ìlú etí odò, níbi gbogbo ni wọ́n sì ti ń bi mí bí mo ṣe rí irú ìparí yẹn. Mo máa ń sọ pé mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà. Lẹ́ẹ̀kan, mo bẹ Màámi pé kí n fi orúkọ wọn sórí ìwé ìpolongo, lábẹ́ tèmi. Wọ́n wò mí bíi pé orí mi ti yí.

“Kí n wá di ẹni tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri ọjà? Máa ṣe iṣẹ́ rẹ jàre.”

Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, ní Miraj, ẹsẹ̀ wọn wà lórí ìrọ̀rí, Rúùtù ń lọ́ irun wọn.

Wọ́n ní, “Ẹni tó kọ eré yẹn lọ́hùn-ún, ní Amẹ́ríkà, ṣé ó ṣì wà láyé?”

“Mi ò mọ̀, Màámi.”

“Kọ lẹ́tà sí i. Kọ ohun tí mo bá sọ o, má lọ fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ bà á jẹ́.”

Mo mú gègé. Wọ́n ronú díẹ̀.

“Kọ pé: Bàbá, a kí yín. A kò mọ ara wa. Ọmọ wa kan mú ìtàn yín wá sílé ìdáná wa. A tún un ṣe díẹ̀, nítorí pé àwọn èèyàn yín máa ń pariwo jù, wọ́n sì máa ń wọ bàtà wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kọ ọ́. Nítorí ẹ̀, mo rí ọmọ mi. Ó wà nínú yàrá kejì báyìí, ó ń tún rédíò ṣe, kò sì mọ̀ ọ́n ṣe. A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín púpọ̀.”

Rúùtù ní, “Màámi, ẹ ò ní sọ orúkọ yín fún un?”

“Kó fi ṣe kí ni? Kọ ọ́ sí i pé ìyá Vasant.”

Mo tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tó tẹ ìwé náà. Oṣù mẹ́rin kọjá kí èsì tó dé. Wọ́n ní òǹkọ̀wé náà ti kú láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin rẹ̀ wà, àwọn sì ti fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí i. Mo ka èsì náà fún Màámi lẹ́bàá fèrèsé. Mo rò pé inú wọn máa bàjẹ́.

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kó dé ọwọ́ ọmọ ẹ̀.”